Ọdún tí A Gbé Iṣu Ìrẹ́gùn Lọ sí Òṣogbo

Wọ́n yọ ìlú wa kúrò lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí òfin orílẹ̀-èdè yìí mọ̀, wọ́n tì í sábẹ́ èyí tí òfin náà kò mọ̀, wọ́n mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n, títí di òní kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó tíì sọ fún wa ibi tí a wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà ní ilé-ìwé, tí ẹ ń ṣe ẹgbẹ́, tí ẹ ń gbé páálí káàkiri ìgboro nítorí ẹ̀tọ́ yín, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Kì í ṣe ìtàn ayé àtijọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa gé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n pe àwọn wẹ́wẹ́ náà ní ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè. Kánsù tuntun ni àwa máa ń pè é. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá wa jáde nígbà náà ṣì ń lọ sóko láàárọ̀, bí ẹ bá sì gba ọ̀nà Àkúrẹ́ kọjá Ìwàràjà, tí ẹ yà wọ ọ̀nà eléruku tó lọ sí Òkè-Ìsàn, ẹ óò bá wọn nílé nírọ̀lẹ́. Ẹ bi wọ́n. Wọn ò ní sọ fún yín pé irọ́ ni mo pa. Wọ́n lè sọ fún yín pé mo ti pa irọ́ kan rí.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè Òkè-Ìsàn. Èmi ni mo kọ ìwé tí gbogbo ìlú tẹ̀ka sí. Ẹ̀kọ́ ètò ìṣèlú ni mo kà ní yunifásítì, mo darí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, mo sì wá ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo. Bí ẹnì kan bá wà nínú ìlú wa tó yẹ kó mọ ohun tó wà nínú ìwé òfin, èmi ni. Mo sì mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ló ti ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Òkè-Ìsàn kò tóbi. Lọ́jà ni a ń pe olórí wa, bíi ti ọ̀pọ̀ ìletò nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Abẹ́ Ìrẹ́gùn la wà láti ìgbà tí àwọn bàbá ńlá wa ti tẹ̀dó. Ìrẹ́gùn ló ní ọba aládé, ibẹ̀ sì ni olú ilé ìjọba ìbílẹ̀ wà. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá jáde, ilé kọ̀ọ̀kan ní Òkè-Ìsàn a mú iṣu kan, ẹyọ kan péré, a ó sì kó wọn lọ sí ààfin Ìrẹ́gùn. Ọ̀dọ̀fin, ìjòyè àgbà kan níbẹ̀, ni í gbà wọ́n. Á jókòó sórí àpótí, á fi ọ̀pá rẹ̀ kan iṣu, á sì pe orúkọ ilé tó ni ín láìwo ìwé kankan: ilé Aláró, ilé Ọdẹ́sànmí, ilé Apènà. Ẹni tó wá láti ilé náà á dáhùn, á kí i, á kọjá. Bí wọ́n bá ti pe gbogbo ilé tán, wọ́n á fún wa lóúnjẹ, a ó padà sílé.

Ohun tí mo rí nínú èyí nígbà tí mo dé láti yunifásítì ni ìsìnrú. Mo sọ ọ́ nípàdé, mo sì tún sọ ọ́ níbi ìsìnkú. Mo ní, "Kí ló dé tí àgbàlagbà á fi máa ru iṣu lọ kúnlẹ̀ fún ẹni tí kò bá a ro oko?" Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn.

Kì í ṣe pé a ò ní ẹjọ́ rò. A ní in, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní kíkún. Afárá orí odò wa já. Wọ́n wá láti Ìrẹ́gùn wá yà á ní fọ́tò, wọ́n tún wá yà á, wọn ò ṣe é. Wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn kékeré kan fún wa, wọn ò fi nọ́ọ̀sì kankan síbẹ̀. Ewúrẹ́ ló ń sùn nínú yàrá ìgbẹ̀bí. Tíṣà mẹ́fà tó yẹ kó wà nílé-ìwé wa, méjì là ń rí. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí a lọ bá àti èsì tó fún wa. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ kéde àwọn kánsù tuntun, tí wọ́n sì fi ọ̀kan sí àdúgbò wa ṣùgbọ́n tí wọ́n fi Òkè-Ìsàn sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìrẹ́gùn, a ní àwa náà ń lọ. A fẹ́ wọ kánsù tuntun.

Ilé Bàbá Rélùwéè ní Òkè Fìà, ní Òṣogbo, la ti ṣèpàdé. Bàbá yìí ni alága wa. Ọmọ Òkè-Ìsàn ni, ibùdó rélùwéè Òṣogbo ló ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn rẹ̀ tì, ó sì máa ń ṣèpàdé bí ẹni pé ọkọ̀ fẹ́ gbéra: bí aago bá ti lù, ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá pẹ́ á dúró sójú fèrèsé. Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn ìsìn. Àwọn àgbà wá láti ilé. Ìyá Ìbídùn, olórí àwọn obìnrin wa, ló ṣáájú wọn; àgbẹ̀ kòkó ni, opó ni, ó sì máa ń gbọ́ rédíò ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ.

Mo ka ìwé tí mo ti kọ. Wọ́n ń mi orí. Nígbà tí mo ṣe tán, Ìyá Ìbídùn na ọwọ́ bí ọmọ ilé-ìwé.

"Akọ̀wé, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Ẹ máa wí, màmá."

"Kánsù tuntun yìí, ṣé orúkọ rẹ̀ wà nínú uwé òfin ńlá ọ̀hún? Lọ́yà kan sọ ọ́ lórí rédíò pé ẹ̀yìn uwé yẹn ni wọ́n kọ orúkọ gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ sí, pé èyí tí kò bá sí níbẹ̀, kò sí."

Bàbá Rélùwéè bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbídùn, rédíò yín ti kàwé ju Akọ̀wé lọ báyìí?"

"Ẹ jẹ́ kó dá mi lóhùn, Bàbá."

Mo mọ ìdáhùn náà. Gbogbo ẹni tó bá ti ka òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n to orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ lè dá tuntun sílẹ̀, ṣùgbọ́n títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní Àbújá yóò fi kọ orúkọ rẹ̀ kún àwọn tó wà níbẹ̀, kò tíì di ìjọba tó dá dúró. Ẹ̀ka ọ́fíìsì lásán ni. Mo ti kọ iṣẹ́ àṣetiléwá lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ní yunifásítì.

"Ó máa wà níbẹ̀, màmá," ni mo wí.

"Mo ní ṣé ó wà."

Ojú gbogbo wọn wà lára mi. Bọ́ọ̀sì ti wà nílẹ̀, a ti dá ọjọ́ tí a ó gbé ìwé náà lọ síwájú ilé ìjọba, àwọn ọ̀dọ́ ti ya páálí. Mo ní, "Ó wà."

Ó wò mí díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n bá mi fi ẹsẹ kan sí i. Kọ ọ́ pé bí òfin ò bá gba kánsù tuntun yìí, ká padà sọ́dọ̀ Ìrẹ́gùn bí a ti wà tẹ́lẹ̀. Èèyàn kì í jáde nílé kó ti ilẹ̀kùn pa mọ́ ara rẹ̀."

Bàbá Rélùwéè ní ọ̀rọ̀ gidi ni. Gbogbo ilé ní ọ̀rọ̀ gidi ni. Mo fi bírò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé níṣojú wọn.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé ìwé náà lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, kò jìnnà sílé Bàbá Rélùwéè. Mo jókòó ti ọmọbìnrin tó ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dé ibi ẹsẹ tí Ìyá Ìbídùn ní ká fi sí i, mo ní kó fò ó. Mo rò pé ó sọ ìwé náà di aláìlágbára, pé ìjọba á rí i, wọ́n á ní àwọn èèyàn wọ̀nyí kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀ rèé, mo lè kà á láìwo ìwé: "A kò fìgbà kan rí jẹ́ ara Ìrẹ́gùn, a kò sì ní padà síbẹ̀ lábẹ́ ipòkípò." Ọmọbìnrin náà ní, "Ànǹtí, ọ̀rọ̀ yín le o." Mo ka ìyẹn sí ìyìn.

Wọ́n tẹ̀ka sí i, ilé lẹ́yìn ilé.

Èmi náà ni mo dá ọ̀rọ̀ iṣu sílẹ̀. Àsìkò iṣu tuntun ló bọ́ sí. Mo ní kí a má ṣe gbé e lọ sí Ìrẹ́gùn lọ́dún náà, kí a gbé e lọ síwájú ilé ìjọba ní Òṣogbo, kí gbogbo ayé rí i pé ìjọba ìpínlẹ̀ la mọ̀. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ilé sára iṣu kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀sì mẹ́rin kún. A sọ̀kalẹ̀ ní Òkè Fìà, a fẹsẹ̀ rìn látibẹ̀, àwọn obìnrin ru iṣu, àwọn ọkùnrin gbé páálí, Bàbá Rélùwéè ló ṣáájú pẹ̀lú fèrè rélùwéè lẹ́nu rẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù jáde wá wòran. Ẹnì kan pariwo láti orí ọ̀kadà, "Ẹ̀yin ará oko, èló ni?" Ìyá Ìbídùn dá a lóhùn láìwẹ̀yìn, "Ó ju agbára ẹ lọ!"

Nígbà tí a dé ẹnu géètì, a to iṣu sílẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ jáde.

"Ẹ̀yin màmá, kí lẹ̀ ń tò síbí? Ọjà ń bẹ lọ́hùn-ún o."

"A ò tà á, ọmọ mi," ni Ìyá Ìbídùn wí. "Ìjọba la gbé e wá fún."

"Ìjọba wo?"

"Èwo lò ń ṣọ́?"

Ẹ̀rín pa ẹ̀ṣọ́ náà fúnra rẹ̀. Ìgbà tó yá, ọ̀gá kan jáde wá láti inú ọgbà, ó wọ funfun, àwọn oníkámẹ́rà tẹ̀lé e. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè kí wọ́n lè yà á. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Òkè-Ìsàn, ìjọba yìí, tiyín ni. Ohun tí ẹ fẹ́, ohun tí a fẹ́ náà nìyẹn." Ariwo sọ. Bàbá Rélùwéè fọn fèrè títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

Nígbà tó fẹ́ wọlé padà, mo sún mọ́ ọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo ni wọ́n máa gbé orúkọ àwọn kánsù yìí dé Àbújá? Torí bí wọn ò bá kọ ọ́ sínú ìwé òfin..."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. "Akọ̀wé, ẹ̀yin náà kàwé. Ẹ jẹ́ káwọn èèyàn yín gbádùn tòní ná."

Ó yé mi. Ohun tó sọ fún mi ni pé kò sí ohun tó dé Àbújá, pé kò sì ní dé ibẹ̀. Mo wẹ̀yìn, mo rí àwọn èèyàn mi tí wọ́n ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu. Mo bá ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀ nínú ohun tí ẹ óò rántí nípa mi: mo bá a rẹ́rìn-ín.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ pín iṣu náà láàárín ara wọn kí bọ́ọ̀sì wa tó ṣí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, tẹlifíṣàn gbé wa, wọ́n sì rí wa ní ààfin Ìrẹ́gùn.

Ohun tí a béèrè fún bọ́ sí i. Wọ́n gbé Òkè-Ìsàn sínú kánsù tuntun. Wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà wa, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù méjì ṣe ọ́fíìsì, wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan fún wa tó ń pọn omi títí di òní, n kò ní fi ìyẹn bò. A dìbò, a yan kánsílọ̀ tiwa. A ò gbé iṣu lọ sí Ìrẹ́gùn mọ́. Ọdún kan tẹ̀lé òmíràn bẹ́ẹ̀.

Ìbídùn, ọmọ olórí àwọn obìnrin wa, dàgbà sínú rẹ̀. Ọmọ tó já fáfá ni. Láti ìgbà tó ti rí obìnrin kan tó bímọ sínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìwàràjà torí pé kò sí nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn wa, nọ́ọ̀sì ló ní òun máa ṣe, òun á sì padà wá lé ewúrẹ́ jáde nínú yàrá ìgbẹ̀bí. Ó ṣe ìdánwò sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ìjọba àpapọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ó yege. Nínú ìlú wa, kò sí ẹni tó tíì dé irú ibẹ̀ rí. Wọ́n ní kó mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá. Kánsù tuntun fún un ní ọ̀kan, pẹ̀lú òǹtẹ̀ tó ń dán. Ó gbé e lọ.

Òun ló pè mí láti ọ̀hún. Kò sunkún. Ó ní, "Ànǹtí, wọ́n ní ibi tí mo ti wá ò sí."

"Kí ni wọ́n wí gan-an?"

"Wọ́n ní àwọn ò rí kánsù yìí nínú orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí òfin mọ̀. Wọ́n ní kí n mú ìwé wá láti ìjọba ìbílẹ̀ mi tòótọ́ kí wọ́n tó parí ìforúkọsílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Ànǹtí, èwo ni tòótọ́?"

Mo lọ sí ọ́fíìsì kánsù tuntun. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ gbọ́ mi tán, ó wò yí ká yàrá rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ rí wa níbí, àbí?"

"Mo rí yín."

"Ẹ bá wa kọ ọ́ fún wọn pé ẹ rí wa."

Kì í ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe.

Ó wá di pé kí a lọ sí Ìrẹ́gùn. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù níbi iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní wọn ò lè lu òǹtẹ̀ láìjẹ́ pé Ọ̀dọ̀fin fọwọ́ sí i pé ó mọ ilé tí ọmọ náà ti wá. Èmi, Bàbá Rélùwéè, Ìyá Ìbídùn àti Ìbídùn la jọ lọ sí ààfin. Ọ̀dọ̀fin ti darúgbó gan-an, ojú rẹ̀ ti ń di. A kúnlẹ̀, Bàbá Rélùwéè dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

"Ta ni yín?" ni Ọ̀dọ̀fin wí.

"Ará Òkè-Ìsàn ni wá, Kábíyèsí ń bẹ, ẹ̀yin náà ń bẹ," ni Bàbá Rélùwéè wí. "Ọmọ yìí ló fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ilé Apènà ni."

"Ulé Apènà," ni ó wí. "Mo ti ń pe ulé yẹn láti ìgbà tí mo ti jẹ oyè. Bàbá rẹ̀ àgbà máa ń mú usu tó gùn wá, á ní òun ni òun gbin èyí tó gùn jù. Nígbà tó yá, mo pe ulé Apènà, ẹnì kankan ò jẹ́ mi. Mo pe Aláró, kò sí. Mo pe gbogbo yín tán sínú ààfin tó ṣófo. Ọdún yẹn, àwọn ọmọ mi ní kí n wá wo tẹlifíṣàn."



"Ṣé ẹ mọ ìdí tí mo fi ń pe ulé?" ó bi wá. "Ẹ rò pé usu ni mo fẹ́ jẹ? Ehín mélòó ni mo ní? Ulé tí mo bá pè, tó sì jẹ́ mi, ni mo lè dúró fún. Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé mo mọ lágbájá, mo fẹ́ lè sọ pé mo gbọ́ ohùn ulé rẹ̀ lọ́dún yìí. Kò sí ìwé mìíràn."

Mo lè sọ fún yín gan-an bó ṣe rí lára mi. Bí ìgbà tí èèyàn bá ti wó ògiri kan pẹ̀lú ariwo àti àtẹ́wọ́, tó wá rí i pé ògiri náà ló gbé òrùlé dúró.

Ọ̀dọ̀fin ní kí wọ́n mú fáìlì kan wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ààfin kan ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwé mi ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn nígbà náà kí wọ́n lè sọ èrò wọn. Ó kà á dé ibẹ̀: a kò fìgbà kan rí jẹ́ ara Ìrẹ́gùn, a kò sì ní padà síbẹ̀ lábẹ́ ipòkípò.

"Ẹ ẹ̀ rí i?" ni Ọ̀dọ̀fin wí. Ohùn rẹ̀ kò le. "Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ka sí i. Bí mo bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yìí pé tiwa ni yín, ọ̀kan nínú ìwé méjèèjì ti di irọ́. Lọ́yà ààfin ní ká má fọwọ́ kàn án, pé ẹjọ́ ilẹ̀ ló máa dà lọ́la. Ká ní ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ẹ ti sọ pé ẹ lè padà, ibi kékeré kan báyìí, ǹ bá rí ibi dúró sí. Ẹ ò fi ààyè kankan sílẹ̀."

Ìyá Ìbídùn ò wò mí. Ilẹ̀ ló ń wò. Bàbá Rélùwéè ló yíjú sí mi, ó sì ti ń la ẹnu láti sọ pé a fi ibì kan síbẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń rántí. Ó wá pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ kọjá. Wọ́n fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Ìbídùn wà ní Ìwàràjà báyìí, ó ń rán aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan. Mo lọ bá a níbẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí n wá ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan fún un, pé èmi ni n ó ṣe wàhálà rẹ̀. Kò dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Lábẹ́ kánsù wo, Ànǹtí?" ó ní. "Bí mo bá ṣe tán, wọ́n á tún béèrè."

Ó tọ̀nà.

Ó pẹ́ kí n tó lè lọ jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Mo bá a níbi tó ti ń sá kòkó. Mo ní, "Màmá, ẹsẹ tí ẹ ní kí n fi sínú ìwé ọjọ́ yẹn..."

"O yọ ọ́."

"Ẹ mọ̀?"

"Ìbídùn kà á fún mi kí n tó tẹ̀ka. Kékeré ni nígbà yẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà dáadáa ni. Mo ní kó tún un kà. Kò sí níbẹ̀." Ó ń fọwọ́ tẹ́ kòkó sórí ẹní, kò yára, kò rọra.

"Kí ló dé tí ẹ fi tẹ̀ka?"

"Akọ̀wé, ìwọ la rán nílé-ìwé. Ìlú dáwó jọ fún ẹ níjọ́sí, mo wà níbẹ̀. Mo rò ó pé ó ní ohun tí o mọ̀ tí èmi ò mọ̀. Bóyá uwé ìjọba ò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni." Ó gbé ojú sókè. "Ṣé ó ní ohun tí o mọ̀?"

Mo ní rárá. Mo ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni ó ti sọ fún mi láti orí rédíò rẹ̀. Ó mi orí, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ kòkó rẹ̀. Kò bú mi. Bó bá bú mi ni, n bá ti sùn lọ́jọ́ náà.

Bí mo bá ṣírò ohun tí a rí, kànga ẹ̀rọ wà, pátákó wà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpẹtà ti jẹ orúkọ wa lára rẹ̀. Mo ṣì gbà pé ẹ̀tọ́ wa ni láti jáde. Afárá tí wọ́n ń yà ní fọ́tò kì í ṣe àlá, nọ́ọ̀sì tí kò sí kì í ṣe àlá. Ṣùgbọ́n afárá náà ṣì já sílẹ̀: kánsù tuntun ní agbára òun ò ká a, Ìrẹ́gùn ní ẹ̀yìn ààlà wọn ni. Ọ̀dọ̀fin ti kú. Ẹni tó jẹ oyè lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ orúkọ ilé kan ṣoṣo nínú wa, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ wọ́n sí. A lọ gbé iṣu padà fún un lọ́dún tó kọjá, àwa díẹ̀. Ó dúpẹ́, ó ní ta ni ká sọ pé ó wá. Bàbá Rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ ilé fún un láti orí, ó dé àárín, ó gbàgbé. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú ààfin, ó ń sunkún.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa jà. N kò ní kí ẹ má jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin kan tí kò kàwé bá na ọwọ́ nípàdé yín, tó béèrè ìbéèrè tí ẹ mọ̀ pé ó lè tú ìpàdé ká, ẹ dá a lóhùn lóòótọ́, kí ìpàdé náà tú.

Èmi ti sọ ohun tí mo ṣe, pẹ̀lú ẹnu ara mi, láìfi ẹnikẹ́ni bojú. Ó ku ẹ̀yin. Ẹ̀yin tí ẹ gbé kánsù kalẹ̀ ní Òṣogbo tí ẹ mọ̀ pé kò sí nínú ìwé òfin, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún àwọn tó gbé iṣu wá sẹ́nu géètì yín? Ọ̀gá tó wọ funfun, tó fọwọ́ kàn mí léjìká, ẹ mọ ara yín: ta ni ẹ rò pé yóò san án nígbà tí tòní bá kọjá? Ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ ti wá bá wa tọrọ ìbò láti ìgbà náà, ẹni wo nínú yín ló gbé orúkọ wa dé Àbújá, níwájú ìgbìmọ̀ wo, kí sì ni wọ́n fi dá yín lóhùn? Ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́gùn, bí a kì í bá ṣe tiyín, kí ló dé tí orúkọ Òkè-Ìsàn ṣì wà nínú àwọn ìlú tí ẹ fi ń béèrè owó lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ lọ́dọọdún?

N kò fẹ́ kí ẹ bá mi kẹ́dùn, n kò sì fẹ́ kí ẹ pè mí sí ìpàdé. Ẹ kọ ọ́ síwèé pé abẹ́ ta ni Òkè-Ìsàn wà lónìí, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ lu òǹtẹ̀ tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà yóò gbà, kí ẹ sì gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Ìwàràjà. Ìbídùn ni kí ẹ fún. Ẹ dúró níbẹ̀ títí yóò fi kà á tán, bó bá sì bi yín ní ìbéèrè, ẹ dá a lóhùn.